RAF Museum ní Hendon: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé fún Ẹni Tó Fẹ́ràn Bàálù

Ẹni tí ìfẹ́ bàálù ti wọ̀ lára láti kékeré, tó ń fi ike to àwòṣe wọn pọ̀ nílé, tó sì máa ń gbé kámẹ́rà kiri etí ọgbà pápákọ̀ òfurufú, kò gbọdọ̀ ṣaláì dé RAF Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (RAF), tó wà ní Hendon, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kì í gba owó ìwọlé, ibùdókọ̀ Colindale kò sì jìnnà síbẹ̀. Orí pápá bàálù Claude Grahame-White, awakọ̀ òfurufú ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní bàálù wíwà kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ni ilé náà wà. Ọdún 1972 ni wọ́n ṣí i.

Lancaster R5868, bàálù ajubọ́ǹbù ti Ogun Àgbáyé Kejì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá lọ. Ìgbà 137 ni bàálù yìí lọ sójú ogun tó sì padà bọ̀, wọ́n sì kun àwòrán bọ́ǹbù kéékèèké ní ẹsẹẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ láti fi ka ìrìnàjò wọ̀nyẹn. Àwòṣe rẹ̀ tí mo rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ dán bọ̀rọ́ níbi tí orí ìṣó ti kún ara bàálù gidi. Fọ́tò tí mo yà níbẹ̀ ni mo wò tí mo fi tún un ṣe.

Síbẹ̀, Halifax W1048, bàálù ajubọ́ǹbù mìíràn, ló gba ọkàn mi jù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1942, wọ́n gbé e lọ kọlu Tirpitz, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn ará Jámánì, ní Norway. Ìbọn bà á, awakọ̀ rẹ̀ sì fi ara bàálù balẹ̀ sórí adágún tó ti di yìnyín, kó tó di pé ó rì. Ọdún 1973 ni wọ́n tó yọ ọ́ jáde, wọn kò sì kùn ún padà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀dà ṣe ń bó lára páànù, kí ó dúró pẹ́ níwájú rẹ̀: ibì kan bó, ibì kan ṣẹ́kù, kò rí déédéé bí èyí tí àwa máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe.

Wọ́n tún gbà kí ènìyàn wọ inú Sunderland, bàálù ńlá tó ń balẹ̀ sójú omi. Irú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ 270 ti RAF ń wà láti Àpápá, ní Èkó wa níbí, nígbà ogun Hítílà.

Ẹ mú lẹ́ǹsì tó ń rí àyè fẹ̀ lọ́wọ́, nítorí apá Lancaster tó mítà 31 kò ṣeé kó sínú fọ́tò kan láti ìtòsí. Bí àkókò yín kò bá sì tó, ẹ fi Spitfire, bàálù ìjà kékeré, sílẹ̀, torí irú rẹ̀ ṣì ń fò ní Duxford, pápá bàálù kan nítòsí Cambridge. Ẹ lọ bá Halifax.