Ìkìlọ̀: Ẹ má sanwó The Witch's House fún ẹni tó ń tà á lórí WhatsApp

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn géèmù adẹ́rùbani bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp tó ń ta The Witch's House MV ní 9,500 náírà. Ọ̀rọ̀ ìyìn àwọn tó ti gbá géèmù náà ló fi ń polówó ọjà ẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn, àmọ́ ohun tó máa kó fún yín kọ́ ni géèmù tí wọ́n ń yìn. Ó ti gba owó lọ́wọ́ mi, àbúrò mi sì tipasẹ̀ ẹ̀ pàdánù 18,400 náírà nínú àkáǹtì ẹ̀ ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Fún àwọn tí kò mọ géèmù náà: ará Japan kan tó ń jẹ́ Fummy ló ṣe é. Àwòrán pixel ni gbogbo ẹ̀, àwọn igun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ títí tó fi di ènìyàn, tó di ilé, tó di ẹ̀jẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan, Viola, bá ara ẹ̀ nínú igbó, òdòdó róòsì dí ọ̀nà tó yẹ kó gbà jáde, ó sì di dandan kó wọnú ilé àjẹ́ kan. Yàrá dé yàrá ni pàkúté wà. Tẹ́ ẹ bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan, ẹ kú nìyẹn. Ológbò dúdú kan ló máa ń jókòó láwọn ibì kan nínú ilé náà, òun lẹ máa bá sọ̀rọ̀ kí géèmù lè tọ́jú ibi tẹ́ ẹ dé.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí rèé, torí inú ẹ̀ ni gbájúẹ̀ náà ti ń jáde. Méjì ni The Witch's House. Ti àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012, ọ̀fẹ́ ni Fummy sì fi ṣe. Ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, vgperson, kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bákan náà. Ìkejì ni wọ́n ń pè ní MV. Wọ́n tún gbogbo àwòrán ẹ̀ yà, wọ́n sì gbé e sórí Steam, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Ìyẹn ni wọ́n ń tà, 14.99 dọ́là ni iye tí wọ́n fi lé e. Orúkọ kan náà ni, ìtàn kan náà ni, Viola kan náà ni. Ẹni tí kò bá tíì rí méjèèjì rí kò lè mọ èyí tí wọ́n kó lé òun lọ́wọ́.

Nínú oṣù Kẹfà ni àbúrò mi pé ọmọ ọdún 19. Láti ìgbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ti ń wo fídíò géèmù yìí, mo sì ti ṣèlérí fún un pé màá rà á. Dọ́là ni Steam ń gbà lọ́wọ́ àwa tá a wà ní Nàìjíríà. Ẹ rántí ọdún 2022, nígbà tí àwọn báńkì gé iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun sí 20 dọ́là lóṣù, tí àwọn kan nínú wọn sì wá tì í pa pátápátá. Ibẹ̀ ni àwọn alágbàtà ti rí àyè: ẹ kó náírà wá, a óò bá yín ra géèmù. Olóòótọ́ wà nínú wọn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí kò sí lára wọn.

Mo gbìyànjú káàdì tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbà. Ẹnì kan tá a jọ wà nínú gúrúùpù ló wá fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin náà. Òun fúnra ẹ̀ kò tíì ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ rí, sítátọ́ọ̀sì ẹ̀ ló kàn ń wò. Mi ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó sanwó.

Síríìnṣọ́ọ̀tì mọ́kànlá ni ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ sí mi láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ èrò àwọn tó ti gbá MV lórí Steam. Mo kà wọ́n tán, mo sì gbà wọ́n gbọ́, torí pé ohun tí wọ́n sọ bá ohun tí mo mọ̀ mu. Ẹni tó bá ti wọ ilé yẹn kì í gbàgbé béárì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ọmọláńgidi béárì kan sínú agbọ̀n, béárì náà sì tóbi ju agbọ̀n lọ. Sísọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gé apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀ kó tó lè wọlé. Wọn kì í sì í gbàgbé ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ náà á tẹ̀ lé yín, á ràn yín lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ẹ óò dé ẹnu ọ̀nà tí ejò ńlá kan dí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wà láti kọjá. Ohun tó ń dun àwọn tó ń gbá a nìyẹn: ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Géèmù tó kàn ń fò mọ́ ènìyàn láti inú òkùnkùn pọ̀ lóde, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rí ọkàn dá ènìyàn lẹ́bi kò pọ̀. Ti òpin ìtàn náà, mi ò ní fọwọ́ kàn án, torí àwọn tí kò tíì débẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tó bá parí ẹ̀ á fẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láti lọ tún gbogbo ohun tó ti rí wò.

Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i náà ní ẹjọ́ tiwọn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn níbì kan. Ikú inú ẹ̀ máa ń dé láìrò tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó bá ológbò sọ̀rọ̀, ẹ óò tún rin ọ̀nà gígùn. Kò gùn púpọ̀, wákàtí díẹ̀ ló máa gbà. Àwọn míì sì ń béèrè pé kí ló dé táwọn máa sanwó ohun táwọn ti gbá lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú síríìnṣọ́ọ̀tì mọ́kànlá tí ọkùnrin yìí fi ránṣẹ́, kò sí ẹ̀hónú ìkẹyìn yẹn nínú ọ̀kankan. Ó ti yọ gbogbo ẹni tó bá dárúkọ géèmù ọ̀fẹ́ kúrò. Ìgbà tí mo lọ ka èrò àwọn ènìyàn fúnra mi lórí Steam ni mo tó mọ̀, owó sì ti lọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Àwọn oníbàárà tó sọ pé òun ti tà fún, nọ́ńbà mẹ́rin, ń kọ̀wé nínú gúrúùpù ẹ̀ pé ọjà dáa, pé ó yá, pé àwọn ti gba tàwọn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ béárì. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ejò. Nígbà tí ọkàn mi wá ń ṣe iyèméjì, mo bi í pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn?” Ó ní, “Ọ̀pọ̀lọ́ wo? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọjà.” Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta géèmù yìí fún yín ní ìbéèrè yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Fáìlì zip kan ló fi ránṣẹ́ sí mi. Kò sí kọ́ọ̀dù Steam tí wọ́n fi ń gba géèmù sínú àkáǹtì, kò sí nǹkan kan tó wọ àkáǹtì àbúrò mi. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń fún gbogbo ènìyàn. A tú u sórí láptọ́ọ̀pù, ó ṣí, Viola wà nínú igbó, inú mi dùn. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ fura. “Bọ̀ọ̀dá mi, èyí kọ́ ni mo rí nínú fídíò o.” Àwòrán ẹ̀ rí gbágungbàgun, kò sì sí ibi tí wọ́n ti bi wá bóyá a fẹ́ kó rọrùn àbí a kò fẹ́. MV ní ìpele tó rọrùn, ó ní ti gbogbogbòò, ó sì ní ìkẹta tó ń jẹ́ Extra tó máa ń ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ti parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti ọdún 2012 ni ọkùnrin yìí tà fún wa, èyí tí Fummy fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí. Mo pè é, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Kò jiyàn rárá. Ó tọrọ àforíjì, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ní àṣìṣe ni, òun máa fi MV gidi ránṣẹ́, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù pàápàá, ká ṣáà fi 3,000 kún un. Mi ò fi kún un. Ó tún fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀ ni. APK ni, ìyẹn fáìlì tí wọ́n fi ń gbé áàpù sórí fóònù Android. Bó ṣe ń wọlé sórí fóònù ló ń tọrọ àyè láti ka àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì tún tọrọ àyè Accessibility, èyí tó máa jẹ́ kó rí ohun gbogbo tó wà lójú fóònù kó sì lè tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀. Ọmọ náà tẹ “Allow”, torí ó fẹ́ gbá géèmù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni owó jáde lóru ọjọ́ yẹn. Inú àtẹ̀jíṣẹ́ ni OTP báńkì, nọ́ńbà ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí owó tó máa jáde, ń wọ̀, ẹni tó bá ti ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín kò nílò kọ́kọ́rọ́ ilé yín mọ́. Géèmù tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbá, tí kò sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ níta, kò ní ohunkóhun tó fẹ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ yín ṣe.

Lẹ́yìn tí èyí ṣẹlẹ̀ ni mo jókòó ka gbogbo ìwé iye owó tó máa ń gbé síta. Yume Nikki wà níbẹ̀ ní 3,500. Kikiyama gbé Yume Nikki jáde lọ́dún 2004 lọ́fẹ̀ẹ́, láti ọdún 2018 ló sì ti wà lórí Steam, ọ̀fẹ́ náà ni níbẹ̀. Ib wà níbẹ̀. Ib ti 2012 tí kouri ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí wọ́n tún ṣe tó jáde sórí Steam ní 2022 ni wọ́n ń tà. Ọgbọ́n kan náà ló ń lò fún gbogbo wọn: á wá géèmù ọ̀fẹ́, á sọ ọ́ di ọjà; bó bá ní ẹ̀dà tuntun olówó, á kó ìyìn ti tuntun, á sì gbé ti àtijọ́ fún yín.

Ó tún ń ta “àkáǹtì àjùmọ̀lò” ní 4,000: á fún yín ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù, ẹ óò wọlé, ẹ óò gbá a láìfi íntánẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹ má dé ibẹ̀. Òfin Steam kò gba kí ẹnikẹ́ni ta àkáǹtì. Ẹni tó bá ní páswọ́ọ̀dù yẹn ṣáájú yín lè yí i padà lọ́jọ́ tó bá wù ú, ẹ kò sì ní rí ẹni fẹjọ́ sùn. Kọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ náà léwu. Káàdì tí wọ́n jí ni wọ́n fi ra òmíràn nínú wọn, tí oníkáàdì bá sì ti ké gbàjarè, wọ́n lè yọ géèmù náà kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tó jókòó ṣe géèmù náà sì ń pàdánù.

Ohun tí mo bá yín bẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ ka èrò àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti kọ ọ́, ẹ má kà á lára síríìnṣọ́ọ̀tì tí ọlọ́jà fi ránṣẹ́. Lórí Steam, wákàtí tí ẹni náà ti fi gbá géèmù wà lára ohun tó kọ, ẹ sì lè rí i bó bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún òun. Láti oṣù Kẹsàn-án 2016, èrò àwọn tó fi kọ́ọ̀dù tí wọ́n rà níta wọlé kì í wọ inú ìṣirò tó wà lókè ojú ewé géèmù. Ẹ ka ti àwọn tó bínú pẹ̀lú. Àwọn ni ì bá ti sọ fún mi pé èyí ọ̀fẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá rà á lórí Steam fúnra ẹ̀, tí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè gba owó yín padà láàárín ọjọ́ 14, bẹ́ ẹ kò bá tíì gbá a tó wákàtí méjì. Géèmù yìí kò gùn, nítorí náà ẹ tètè pinnu.

Ẹni tó bá ti fi APK yẹn sórí fóònù: ẹ pa dátà àti Wi-Fi lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi fóònù ẹlòmíì pe báńkì yín kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Ẹ kọ́kọ́ lọ yọ ọ́ kúrò nínú Accessibility, torí tiwa kọ̀ láti kúrò títí a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà rẹ́. Ẹ má fi fóònù kan náà yí páswọ́ọ̀dù o.

A ti fẹjọ́ sun báńkì, a sì ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ tí káàdì dọ́là ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ló wá bá mi ra MV gidi sínú àkáǹtì Steam àbúrò mi, mo dá náírà ẹ̀ padà fún un. Bẹ́ ẹ bá ti sanwó fún ọkùnrin yìí rí, ẹ fi ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó àti iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ká lè kó o papọ̀ fún ọlọ́pàá tó ń tọ́jú ẹjọ́ náà. Ó ti yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò obìnrin ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwòrán ológbò dúdú ló ṣì ń fi polówó, ó sì ti sọ iye ẹ̀ di 12,000.