Pentax K1000: Kámẹ́rà Oní-fíìmù Tí Kò Ní Bọ́tìnì Ìtanná

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti ń lo kámẹ́rà Pentax K1000, èyí tí mo rà ní àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò lò ó mọ́. Láàárín àkókò náà, mo ti ṣí i wò nínú lóde, mo ti pààrọ̀ ohun tó jẹrà nínú rẹ̀, mo sì ti fi ya fíìmù tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo rí kò fara sin: kámẹ́rà yìí kì í báni ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, mo sì gbà gbọ́ pé ìdí rèé tó fi ń pẹ́ láyé ju àwọn tó ń ṣe gbogbo nǹkan fúnni lọ, nítorí pé ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Asahi Optical ti orílẹ̀-èdè Japan ló gbé e jáde ní ọdún 1976, wọn kò sì dẹ́kun ṣíṣe é títí di ọdún 1997. Japan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ sí Hong Kong, nígbà tó sì yá, ó di ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ike ti rọ́pò irin ní àwọn ibì kan lára rẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ rà bá rí èyí tó jẹ́ irin, kí ó mú un. Ó wúwo, ó lé ní 600 gíráàmù kí á tó fi lẹ́ǹsì sí i, ṣùgbọ́n ìwúwo yẹn kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n.

Bí a bá gbé e sójú, nǹkan méjì péré la ó rí: ohun tí a fẹ́ yà, àti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan ní apá ọ̀tún, èyí tó jẹ́ abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ náà bá lọ sókè, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá wálẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Bó bá dúró ní àárín, ó ti ṣe déédéé. Ọwọ́ ẹni la ó fi yí iyára ṣọ́tà, ìyẹn aṣọ méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, láti ìṣẹ́jú-àáyá kan títí dé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ọwọ́ ẹni náà la ó sì fi yí òrùka ara lẹ́ǹsì tó ń fẹ ojú ihò ìmọ́lẹ̀ tàbí tó ń fún un. Ó yẹ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀ pé gbogbo ojú àwòrán ni abẹ́rẹ́ náà ń wò pa pọ̀. Bí ẹnì kan bá dúró tó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tó mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ á sọ pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ojú ẹni náà á sì dúdú bí èédú nínú fọ́tò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń súnmọ́ ẹni náà títí ojú rẹ̀ á fi kún inú kámẹ́rà, màá yí i síbi tó yẹ, màá wá padà sẹ́yìn, màá sì yà á láìfọwọ́ kan ohunkóhun mọ́.

Bátìrì roboto kékeré kan, LR44 tàbí SR44, ló ń gbé abẹ́rẹ́ yẹn, kò sì sí ohun mìíràn tó ń lò ó. Bí bátìrì bá kú, ṣọ́tà á ṣì máa ṣí, á ṣì máa pa dé, láti orí iyára kan dé òmíràn. Kámẹ́rà Canon AE-1, tí òun náà jáde ní ọdún 1976, kò lè ya ẹyọ fọ́tò kan ṣoṣo bí bátìrì rẹ̀ bá ti tán. Olympus OM-1 kò nílò bátìrì láti yà, ṣùgbọ́n bátìrì onímẹ́kúrì tí wọn kò ṣe mọ́ ni wọ́n ṣe òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún. Ní ọjọ́ tí bátìrì tèmi kú lójú ọ̀nà, ìlànà àtijọ́ ni mo lò: nínú oòrùn gangan, mo fi òrùka lẹ́ǹsì sí 16, mo sì fi iyára sí nọ́ńbà tó súnmọ́ nọ́ńbà agbára tí wọ́n kọ sára fíìmù jù lọ, ìyẹn 500 (ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá) fún fíìmù 400. Kò sí ọ̀kan tó bàjẹ́ nínú àwọn tí mo yà lọ́jọ́ náà.

Àléébù rẹ̀ tó ń dùn mí jù ni pé kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ náà. Níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wọlé láti ojú lẹ́ǹsì, bátìrì ń jó lọ nìyẹn. Ọmọrí lẹ́ǹsì ni bọ́tìnì rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọmọrí náà nù, kí ó tètè wá òmíràn. Bákan náà, kò sí ohun tó ń ti ṣọ́tà pa, nítorí náà mi ò kì í fa fíìmù síwájú àfi bí mo bá ti fẹ́ yà á, kí ó má baà yìn fúnra rẹ̀ nínú àpò.

Ní ti ìtọ́jú, fíìmù àkọ́kọ́ tí mo fi sínú rẹ̀ ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, àbàwọ́n pupa bí ahọ́n iná ló là á kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì kọ́kọ́ rò pé ẹni tó bá mi fọ̀ ọ́ ló ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fíìmù náà sí ìmọ́lẹ̀, mo rí i pé àbàwọ́n náà kò mọ sórí àwòrán, ó dé etí fíìmù níbi tí àwọn ihò wà. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ́ wọlé. Fóòmù dúdú tí wọ́n fi dí etí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ọ̀dà, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Bí fóòmù gbogbo kámẹ́rà ọjọ́ orí yẹn ṣe máa ń rí nìyẹn, yálà wọ́n lò ó tàbí wọ́n gbé e pamọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi fíìmù sínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láìtíì wo ibẹ̀. Igi ìtayín àti òwú tí mo rẹ sínú sípíríìtì ni mo fi ha á kúrò, mo fi bébà bo ṣọ́tà kí èérí má baà já sí i, mo wá tẹ́ òwú dúdú tí a fi ń hun aṣọ òtútù sínú kòtò tóóró náà. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko. Fóòmù kan tún wà lókè dígí inú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán lọ sójú ẹni, èyí tí dígí ń gbá lé bó bá fò sókè. Èyí náà ń yọ́, ó sì lè mú dígí lẹ̀ sókè. Dígí yẹn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí aṣọ ìnu-nǹkan láé, torí pé ojú rẹ̀ lóde ni fàdákà rẹ̀ wà. Atẹ́gùn nìkan ni kí a fi fẹ́ eruku orí rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ṣọ́tà ṣì pé, mo máa ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí fíìmù nínú rẹ̀, màá kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun, màá fi iyára sí 1000, màá sì yìn ín. Bí apá kan bá ṣókùnkùn, aṣọ ṣọ́tà méjèèjì kò sáré bákan náà mọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà màá fi sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, màá sì tẹ́tí sí i. Bó bá ń fà, epo inú rẹ̀ ló ti gbẹ. Yíyìn ín lọ́pọ̀ ìgbà lè tú u. Bí kò bá tú u, ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ni kí a gbé e lọ, kì í ṣe pé kí a fín epo sí i, torí orí aṣọ ṣọ́tà ni epo náà máa ṣàn lọ. Ní ti lẹ́ǹsì, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀yìn bóyá èbu tó ń ta bí okùn aláǹtakùn ti wọlé, mi ò sì kì í fi pamọ́ sínú àpò awọ tó ń mú ọ̀rinrin dání. Inú ike tó ní ìdérí ló ń sùn, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi mu, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Ẹni tó bá fẹ́ ra lẹ́ǹsì sí i ní àǹfààní ńlá, nítorí pé irú ẹnu lẹ́ǹsì tí Pentax bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1975 ló wà lára rẹ̀, lẹ́ǹsì tó bá a mu sì pọ̀ lọ jàǹrẹrẹ. Kìkì pé kí ó yẹra fún àwọn tuntun tí kò ní òrùka, torí kò ní rí ohun tó máa fi yí ojú ihò ìmọ́lẹ̀ wọn lára kámẹ́rà yìí. Fún eré ìdárayá tàbí ohun tó ń sáré, Nikon FM2 ni mo máa ní kí ó yíjú sí, nítorí pé iyára tirẹ̀ dé 1/4000, bátìrì kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ṣọ́tà rẹ̀. Èmi kò pààrọ̀ tèmi. Òwú dúdú tí mo tẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò sì tíì gba ibẹ̀ wọlé mọ́.