Burmese àbí Peachblow: èwo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Burmese àti Peachblow jẹ́ gíláàsì ọnà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1880, tí àwọn èèyàn ń rà kó jọ. Wúrà díẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ gíláàsì méjèèjì yìí ló ń mú kí àwọ̀ wọn yí padà láti ìdí dé ẹnu. Bí wọ́n bá ti fẹ́ atẹ́gùn sínú gíláàsì gbígbóná náà tán, wọ́n á tún ti ẹnu rẹ̀ sí iná. Ibi tí iná bá dé lẹ́ẹ̀kejì ló máa pọ́n. Nítorí náà, àwọ̀ nìkan kò tó fi rà á. Etí àti ìdí ni kí ẹ wò.

Iléeṣẹ́ Mt. Washington ní New Bedford, Massachusetts, ló ni Burmese. Frederick Shirley ló gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1885. Yẹ́lò ni nísàlẹ̀, píǹkì lókè, kò sì ní ìpele méjì. Yuréníọ̀mù, irú mẹ́táàlì kan, wà nínú rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì UV tí wọ́n fi ń yẹ owó wò sí i nínú òkùnkùn, yóò tàn ní àwọ̀ ewé. Bí kò bá tàn, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n títàn kò sọ pé ó ti pẹ́ o: iléeṣẹ́ Fenton, ní West Virginia, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Burmese tirẹ̀ ní 1970, ìyẹn náà sì ń tàn. Ẹ yí i dojú dé. Èyí tó ti pẹ́ lórí tábìlì máa ń ní ilà wẹ́wẹ́ tó dojú kọ ibi gbogbo, kìkì níbi tó ti ń kan tábìlì. Bí àwọn ilà náà bá tò sí ọ̀nà kan ṣoṣo, sáńpépà ni wọ́n fi ha á.

Ní ti Peachblow, ti Amẹ́ríkà ayé ìgbà náà tó gbajúmọ̀ jẹ́ mẹ́ta, 1886 ni gbogbo wọn sì jáde, ọdún tí wọ́n ta ìkòkò òdòdó Ṣáínà kan tó jẹ́ ti olóògbé Mary Morgan, olówó kan ní New York tó ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, ní $18,000; òkìkí ìkòkò náà ló mú kí wọ́n máa ta gíláàsì yìí. Ti Mt. Washington lọ láti eérú tó ní búlúù díẹ̀ sí píǹkì, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an. Ti New England Glass Company lọ láti funfun sí píǹkì tó dúdú. Ti iléeṣẹ́ Hobbs, Brockunier ní ìlú Wheeling ló yàtọ̀ pátápátá: yẹ́lò sí pupa ni lóde, funfun ni nínú. Ẹ wo etí rẹ̀ lójú oòrùn, ẹ ó rí ìpele méjèèjì kedere. Ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ wà, torí bí ìpele méjèèjì kò bá sún kì dọ́gba nígbà tó ń tutù, ti inú a sán. Ẹ ti tọ́ọ̀ṣì kékeré bọ inú rẹ̀. Ibi tó sán yóò hàn bí ilà tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ní ọwọ́, ẹ yẹ ibi tí wọ́n ti lẹ ọwọ́ náà mọ́ ọn wò.

Burmese tí wọ́n fi ásíìdì pa dídán rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà: ó rọrùn láti rí ju èyí tó ń dán lọ, ó sì rọrùn láti yẹ̀ wò. Ní ti Peachblow ti Wheeling, bí olùtajà kò bá fi fọ́tò etí àti inú ránṣẹ́, ẹ má sanwó.