MAYSI-2: ìbéèrè 52 tí mo kọ́kọ́ máa ń gbé fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sọ́dọ̀ wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ probéṣọ̀n àwọn ọmọdé, ìyẹn bíbójú tó ọmọ tó dáràn lábẹ́ àṣẹ kóòtù, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rí MAYSI-2 yìí, ìwé ìbéèrè tó ń fi hàn bóyá ọmọ nílò ìrànlọ́wọ́ ìlera ọpọlọ kíákíá, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Thomas Grisso àti Richard Barnum ló ṣe é ní Massachusetts l'Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 12 sí 17 ló wà fún, bẹ́ẹ̀ni àbí bẹ́ẹ̀kọ́ ni gbogbo ìdáhùn ẹ̀, kò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ, kò sì dìgbà tó o bá jẹ́ dókítà kó o tó lò ó. Ó ń wo ìbínú, ìbànújẹ́, ọtí àti oògùn olóró, ohun burúkú tójú ọmọ ti rí, àtèyí tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣí wò, èrò àtipa ara ẹni.

Ibi tó ti wù mí jù nìyẹn. Ọmọ kan wà tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, gbogbo wa ti ń sọ pé èyí ò le rárá, àfìgbà tí mo wo pépà ẹ̀ tó ti fi bẹ́ẹ̀ni sí gbogbo ibi tí wọ́n ti bi í nípa ikú, a ò kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ títí ẹni tó mọṣẹ́ ìlera ọpọlọ fi dé.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, MAYSI kọ́ ló ń sọ bóyá ọmọ máa tún dáràn o! Ìwé àyẹ̀wò mìíràn tó ń jẹ́ YLS/CMI ló wà fún ìyẹn, nǹkan 42 ló ń yẹ̀ wò, ilé, iléèwé, ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn, ẹ̀sùn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kì í rí oorun sùn, tó ń sunkún lóru, ìyẹn ò sọ ọ́ di ewu fún aráàlú, tẹ́ ẹ bá lọ fi kún ìṣọ́ ẹ̀ torí ìyẹn ẹ ti fìyà àìsàn jẹ ẹ́. MAYSI kì í ṣe àyẹ̀wò dókítà náà o, ẹ má kọ orúkọ àìsàn kankan sí fáìlì torí ẹ̀.

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un. Ọ̀kan tí mo yọ, ọmọ tó bá rò pé adájọ́ máa rí ìdáhùn òun, bẹ́ẹ̀kọ́ ló máa fi sí gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, pàápàá tí òbí ẹ̀ bá dúró sí i lórí. Ẹ kọ́kọ́ bá kóòtù àtàwọn lọ́yà ṣe àdéhùn pé wọn ò ní lo ìdáhùn náà lòdì sọ́mọ, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ fún un kó tó mú bírò.