Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Orí Òkun: Ẹni Tó Máa Gbádùn Rẹ̀ àti Ẹni Tí Owó Rẹ̀ Máa Dùn

Ẹ bi èèyàn méjì tó wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan náà, tí wọ́n jọ jẹ oúnjẹ kan náà, tí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté kan náà. Ọ̀kan á ní òun ò mọ̀gbà tí ọjọ́ méje parí. Èkejì á ní ńṣe ni wọ́n ti òun mọ́lé lórí omi, tí wọ́n tún gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Ohun tí cruise, ìyẹn ìrìnàjò ọkọ̀ ìgbafẹ́, ń tà ni pé ẹlòmíràn á bá yín pinnu gbogbo nǹkan: ibi tí ẹ ń lọ, aago tí ẹ máa dé, oúnjẹ tó wà nílẹ̀, ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ padà. Ẹni tí ìpinnu ti sú, ìsinmi ló rà. Ẹni tó fẹ́ràn kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ọ̀nà kiri ìlú, wàhálà ló fowó rà.

Ìdí nìyí tó fi máa ń bá ọ̀pọ̀ ará Èkó lára mu. Ẹni tó ń gbé Sùúrùlérè tàbí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, tó ń ronú epo jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, tó ń ronú omi lọ́sàn-án, tó tún ń ronú afárá tí kò ní dí tó bá ń padà sílé lálẹ́, onítọ̀hún á wọ ọkọ̀ yìí, iná ò ní ṣẹ́jú títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Omi gbígbóná ń yọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa tú àpótí aṣọ, síbẹ̀ ẹ máa jí sí Marseille lónìí, ẹ máa jí sí Genoa lọ́la. Fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún Màmá, kò sí ohun tó rọrùn tó o: ẹ̀rọ tó ń gbéni sókè wà, àwọn ọmọdé ní ibi ìṣeré tiwọn, gbogbo ilé á sì pàdé nídìí oúnjẹ alẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń wa mọ́tò. Ẹni tó bá lóyún ní láti wo ìlànà kó tó sanwó, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í gba aboyún tí oyún rẹ̀ máa pé ọ̀sẹ̀ 24 kí ìrìnàjò tó parí. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà náà, wọn kì í sábà gbà á.

Kí n tó gbàgbé: kò sí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá tó ń gbéra déédéé láti Èkó. Ẹrù ni Àpápá àti Tin Can ń gbà. Àwọn àgbà tó wọ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, láti Èkó lọ sí Liverpool, ìrìnnà ni tiwọn, kì í ṣe fàájì. Lóde òní, ẹ ní láti kọ́kọ́ wọ bàálù lọ sí Barcelona, Dubai tàbí ibòmíràn. Ẹ má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó máa balẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa ṣí. Bí bàálù bá pẹ́ ní Ìkẹjà, tó mú yín pàdánù bàálù kejì, ọkọ̀ ò ní dúró dè yín, owó yín ò sì ní padà. Ẹ dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tó súnmọ́ èbúté.

Yàrá ni kí ẹ gbájú mọ́ jù, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi mẹ́rin ló wà: yàrá inú tí kò ní fèrèsé rárá, yàrá onífèrèsé tí kì í ṣeé ṣí, yàrá tó ní bákónì, àti súùtù àwọn olówó. Yàrá inú sábà máa ń wà láàárín mítà onígun mẹ́rin 14 sí 17. Bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, tábìlì kékeré, àti balùwẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mú ọṣẹ, ìdí yín á ti kọ́tìnì síta. Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Aago mẹ́wàá àárọ̀ lè lù kí ẹ máa rò pé òru ṣì ni. Ọgbọ́n kan wà fún un. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan tó ń fi àwòrán iwájú ọkọ̀ hàn tọ̀sán-tòru. Ẹ gbé e sí ibẹ̀, ẹ pa ohùn rẹ̀, ẹ sùn. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ lórí òkun ni iná á ṣe máa wọlé sí yàrá yín díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó jẹ́ pé oorun nìkan ló ń gbé e padà sí yàrá, owó bákónì ò pọn dandan.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí àwòrán pẹpẹ ọkọ̀ náà, ìyẹn àjà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan (deck), kí ẹ wo ohun tó wà lórí yàrá yín àti ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Yàrá tó dáa ni èyí tí yàrá mìíràn wà lókè rẹ̀, tí yàrá mìíràn tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ abẹ́ ibi ìwẹ̀dò ni, wọ́n á máa wọ́ àga gbàràgbàrà lórí yín láti ìdájí. Bó bá jẹ́ òkè gbọ̀ngàn ijó, ìlù ò ní jẹ́ kí ẹ sùn. Iwájú pátápátá nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tì imú ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èbúté á mì yín jí. Ilẹ̀kùn tó já sí yàrá aládùúgbò náà ò dáa, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ lẹ máa gbọ́. Bí owó bákónì kan bá sì kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́nà tó yanilẹ́nu, ẹ lọ wò ó dáadáa: ọkọ̀ ẹ̀mí, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi ń sá àsálà, ló ṣeé ṣe kó dí ojú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ta yàrá kan ní ẹ̀dínwó pé àwọn fúnra wọn ló máa mú nọ́ńbà rẹ̀ fún yín. Ẹni tí èébì ọkọ̀ ń yọ lẹ́nu ò gbọ́dọ̀ dán ìyẹn wò.

Ó ya, owó wá kàn. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà síta kì í ṣe iye tí ẹ máa san. Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan àti alẹ́ méje ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n pè é ní 700 dọ́là lórí ẹnì kan, 1,400 nìyẹn. Owó èbúté àti owó orí, ká ní 120 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 240. Owó típù àwọn òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń yọ fúnra wọn lójoojúmọ́, bó bá jẹ́ 18 dọ́là lórí ẹnì kan lóòjọ́, 252. Íntánẹ́ẹ̀tì fún fóònù kan ní 20 dọ́là lóòjọ́, 140. Ìrìn àjò inú ìlú lẹ́ẹ̀mejì, 90 dọ́là lórí ẹnì kan nígbà kọ̀ọ̀kan, 360. Àpapọ̀ ti di 2,392 dọ́là, a ò sì tíì fẹnu kan ọtí. Bí ẹ bá fẹ́ àdìpọ̀ ọtí ní 70 dọ́là lóòjọ́, 980 ló máa jẹ́ fún èèyàn méjì, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń sọ pé bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá rà á, èkejì náà gbọ́dọ̀ rà á. 3,372 dọ́là rèé, láìka bàálù, láìka físà. Ẹni tí kì í mu ju ìgò bíà méjì lọ lálẹ́ ò nílò àdìpọ̀ kankan. Tíì, kọfí àti omi ibi bùfẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti owó, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan ní Yúróòpù ń gba owó omi ìgò nídìí oúnjẹ alẹ́.

Ẹni tó bá ń dá nìkan lọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le díẹ̀ sí i: èèyàn méjì ni wọ́n fi ń ṣírò yàrá, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ san ti èèyàn méjì tán.

Kì í ṣe owó ọwọ́ ni wọ́n ń ná nínú ọkọ̀. Káàdì yàrá yín lẹ máa fi ra gbogbo nǹkan, òun náà sì so mọ́ káàdì báǹkì yín. Wọ́n á máa há owó díẹ̀díẹ̀ mọ́ inú àkáǹtì yín, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ dé Èkó kí báǹkì tó tú u sílẹ̀. Káàdì náírà tó ní gbèdéke lè dójú tini níbẹ̀. Káàdì àkáǹtì dọ́là ni kí ẹ lò, tàbí kí ẹ fi owó sílẹ̀ ní tábìlì ìgbàlejò ọkọ̀ tó bá fàyè gbà á. Ní ti fóònù, kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté ni kí ẹ ti fi sí airplane mode. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wà tó ń jáde láti inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bí fóònù bá gbá a mú, WhatsApp nìkan lè jẹ owó orí fóònù yín gbẹ.

Ibi tí ìkórìíra ti ń wá jù ni èbúté. Ará Balógun tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà, tó fẹ́ fara balẹ̀ wo aṣọ, kó tún padà wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kò ní fẹ́ràn rẹ̀ rárá, torí aago ń lé e. Ẹ wo Róòmù tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìpolówó. Civitavecchia ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ó tó nǹkan bí kìlómítà 80 sí Róòmù. Ká ní ọkọ̀ dé ní aago méje àárọ̀, tó sì fẹ́ ṣí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó tò jáde, aago mẹ́jọ àbọ̀ ti lù. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà èbúté, ẹ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, reluwé tún gba nǹkan bíi wákàtí kan. Ó ti tó aago mẹ́wàá kọjá kí ẹ tó tẹ Róòmù. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn ti wọlé ní aago márùn-ún àbọ̀. Bí ẹ bá gbọ́n, ẹ máa kúrò ní Róòmù ní aago mẹ́ta. Wákàtí tó kù fún yín láti wo odindi Róòmù ò tiẹ̀ ní pé márùn-ún! Florence náà rí bẹ́ẹ̀, Livorno ni wọ́n ń dúró sí. Ti Paris ló burú jù, nítorí Le Havre tó nǹkan bíi 200 kìlómítà sí i.

Bí ẹ bá bá ìrìn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò lọ, ó wọ́n, àmọ́ ọkọ̀ á dúró bí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́. Bí ẹ bá dá lọ tí ẹ pẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Owó ara yín lẹ máa fi lé e dé èbúté tó kàn. Aago inú ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, torí ó lè yàtọ̀ sí ti ìlú. Ọ̀gá ọkọ̀ tún lè fo èbúté kan nítorí afẹ́fẹ́, pàápàá níbi tí ọkọ̀ kékeré ti ń gbé èrò lọ sí èbúté bíi Santorini. Owó èbúté nìkan ni wọ́n sábà máa ń dá padà. Ẹni tí orúnkún ń dùn kó wo àwọn èbúté tí ọkọ̀ kékeré ti ń gbéni yìí dáadáa kó tó yan ọ̀nà.

Físà: ẹ ka orúkọ gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lójú ọ̀nà. Bí Spain, Faransé àti Ítálì nìkan bá ni, físà Schengen, ìyẹn físà kan tó ń gbani wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti tó. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá yà sí Tùnísíà tàbí Túkì láàárín, tó sì tún padà sí Yúróòpù, èyí tó gbani láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì yẹ ti orílẹ̀-èdè náà wò pẹ̀lú. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò lẹ lè ti fìwé sílẹ̀; owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò fún àgbà láti 2024, ìwé ìdójútòfò tó gbọ́dọ̀ bá a rìn kò sì gbọ́dọ̀ dín sí 30,000 yúrò. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó máa fojú àánú wo ẹni tí físà rẹ̀ kò pé ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ mú káàdì yẹ́lò náà dání, pàápàá bó bá jẹ́ Caribbean lẹ ń lọ; ó kéré tán, kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ yellow fever náà ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú.

Àwọn kan ń fi ọkọ̀ ojú omi Ìkòròdú sí CMS dán ara wọn wò bóyá òkun á ṣe àwọn. Ọ̀sà ni ìyẹn, kò jọ òkun. Àwọn apá irin tó ń mú ọkọ̀ ńlá dúró ń dín bó ṣe ń yí sọ́tùn-ún sósì kù. Wọn ò lè dá bí iwájú rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò dúró. Àárín ọkọ̀, ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, ni kò mì púpọ̀. Oògùn èébì ọkọ̀, kí ó tó ṣe yín ni kí ẹ ti lò ó. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jáde síta, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí òkun ti kan sánmà.

Oúnjẹ wọn pọ̀, kò sì ní ata. Ẹ di ata gbígbẹ sínú ike tí wọ́n lẹ̀ pa. Ọbẹ̀ tí ẹ sè láti ilé, wọ́n á gbà á. Áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù, wọ́n á gbà wọ́n náà nítorí iná, nítorí náà ẹ mú aṣọ tí kì í rún. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ilé wa ò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ mú ohun tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ (adapter) lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń múra, agbádá àti aṣọ òkè ti tó, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè; àwọn tó wọ kóòtù ló máa wá bá yín ya fọ́tò.

Ìjà èrò náà tún wà. Ọkọ̀ Icon of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024 ní pẹpẹ 20, ó sì lè gba èrò 7,600. Ẹ jẹun àárọ̀ ní aago méje, torí ní aago mẹ́jọ àbọ̀ ńṣe lẹ máa fi àwo jó kiri wá ìjókòó. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi máa fọwọ́. Ohun ìpawọ́ (sanitizer) tó ní ọtí nínú kì í fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì nínú ọkọ̀. Ẹ má sì fi ìdánrawò ààbò ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣeré. Nígbà tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ Costa Concordia forí sọ àpáta ní oṣù kìíní 2012, tí èèyàn 32 kú, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ ní Civitavecchia ò tíì ṣe ìdánrawò kankan.

Alẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á ní kí ẹ gbé àpótí síta sí ẹnu ọ̀nà yàrá yín. Ẹ yọ aṣọ àárọ̀, oògùn àti ìwé ìrìnnà sílẹ̀ kí ẹ tó ti àpótí náà; àwọn kan ti fi pijámà sọ̀ kalẹ̀ rí. Alẹ́ yẹn náà ni kí ẹ ka ìwé owó yín láìfo ìlà kan. Táwẹ́ẹ̀lì ibi ìwẹ̀dò tí ẹ ò dá padà lè wà níbẹ̀ ní 25 dọ́là, bó bá sì di àárọ̀, ìlà tó wà níwájú tábìlì ìgbàlejò á ti gùn kọjá àtẹ̀gùn.