Ilé síkáànì tó bá mi rí ibi tí agbè ti ń jò

Ọjọ́ 19 ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà kí n tó gbéra lọ ṣe síkáànì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi. Oyún ọ̀sẹ̀ 10 ló wálẹ̀ lára mi, lásìkò tí Ojúde Ọba ku fẹ́ẹ́fẹ́, tí aṣọ régbérégbé 37 sì wà lọ́rùn mi. Télọ̀ ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ń ṣe àmín. Agbè ò fọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń jò. Táwẹ̀lì méjì ni mò ń ká sórí àga kí n tó jókòó ti mọṣíìnì.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, n ò ní sọ púpọ̀. ₦5,000 ni. Wọ́n ní kí n mu omi kí ìtọ̀ lè gbọ̀n mí, mo mu píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, bí iná ṣe lọ nìyẹn. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi di ìtọ̀ mọ́ra. Ọkùnrin tó ṣe é ò tiẹ̀ wojú mi. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé sísìtì, ìyẹn àpò omi, wà lápá ọ̀tún, ó ní kí n lọ ra oògùn ₦18,000 níta, pé yóò fọ gbogbo rẹ̀ dànù. N ò rà á. Kì í ṣe pé mo gbọ́n o, owó ni ò sí. Mo délé, ìyá ọkọ mi ní ṣé òun ò ti sọ, sísìtì ọ̀hún ló jẹ oyún. Wọ́n ti ń wá ẹni tó máa se àgbo.

Oníbàárà mi kan ló júwe ibi kejì, tí mo torí ẹ̀ ń kọ èyí. ₦8,000, mo kọ́kọ́ ṣe bíi kí n padà. Obìnrin ló ń ṣe é. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àǹtí, ẹ lọ tọ̀ ná." Ó ní láti ìsàlẹ̀ lòún máa gbà wò ó, torí ibẹ̀ ló ti máa hàn kedere. Ojú mi ló ti fi rọ́bà tuntun bo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba ojú ara fi wo inú. Ó wá bi mí: ṣé kí òun tì í wọlé ni, àbí màá fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe é? Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí nílé ìwòsàn.

Ó yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi. "Nǹkan méjì ló wà níbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ fún yín." Èyí tó dúdú bìrìkìtì lára ilé ẹyin, sísìtì nìyẹn. Ó ní ó jọ èyí tó máa ń kù síbi tí ẹyin ti já lóṣù téèyàn lóyún. Àpò yẹn ló ń gbé oyún ró níbẹ̀rẹ̀, àti pé púpọ̀ nínú wọn máa ń súnkì fúnra wọn láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Òun kọ́ ló ba oyún jẹ́. Ó wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 4.2. Téèpù mi ṣì wà lọ́rùn mi, mo gbàgbé láti bọ́ ọ. Mo fi àtàǹpàkò lé 4. Kò ju bọ́tìnnì kóòtù ńlá kan lọ! Ohun tí wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ gba ₦18,000.

Ó wá fi hàn mí nínú ilé ọmọ. Àṣẹ́kù oyún wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá kù síbẹ̀, ilé ọmọ ò ní lè fún ara rẹ̀ pọ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dá. Ó ní kí n gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn àpòòwé ló kọ ọ́ sí fún mi: bí páàdì méjì bá ń rin gbingbin ní wákàtí kan, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì, tàbí òòyì, ibà, òórùn burúkú, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ ikùn kan ṣàdédé máa ro mí gan-an pẹ̀lú èébì, kí n má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí n tó lọ sílé ìwòsàn.

Nílé ìwòsàn, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi (PCV) jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kó tó 36. Wọ́n wo irú ẹ̀jẹ̀ tí mo ní, torí abẹ́rẹ́ kan wà fún ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ négétíìfù. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sìríǹjì ńlá kan tí wọ́n ń fọwọ́ fà ni wọ́n fi kó àṣẹ́kù oyún náà kúrò. Ó dùn mí, kò pẹ́. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀jẹ̀ dá. Mo rán aṣọ 34 nínú 37 yẹn, ẹ̀gbọ́n mi bá mi rán ìyókù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mo padà sí ilé síkáànì kejì yẹn. Sísìtì ti súnkì tán, kò ku nǹkan kan. Owó kan náà ni wọ́n gbà, wọn ò yọ kọ́bọ̀, ìyẹn ò dáa. Àwọn aláboyún la sì jọ jókòó, pẹ̀lú àwòrán ọmọ lára gbogbo ògiri. Wọ́n lè wá àga kan sí ẹ̀yìn fún irú wa. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìró tiyín dání. Èyí tí wọ́n fún mi ò yí mi ká: ẹni tó gé e, Ìjẹ̀bú bíi tèmi ni.