Ìkìlọ̀ o! Káàdì géèmù tí mo rà, ayédèrú ni, power supply tó bá a wá náà, ayédèrú

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó bú sẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń tú kọ̀ǹpútà, tí mo sì ń tò ó padà. Èmi ni gbogbo ẹbí ń pè tí ẹ̀rọ wọn ò bá tàn. Èmi yìí kan náà ni ẹnì kan ta káàdì gíráfíìsì ayédèrú fún (èyí tó ń ya àwòrán géèmù), tó tún ki power supply jákujàku (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀rọ) bọ̀ mí lọ́wọ́, tí mo dúpẹ́, tí mo sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ìràwọ̀ márùn-ún o! Mi ò tíì so ó mọ́ ẹ̀rọ rárá nígbà yẹn.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé. Ó lóun ní káàdì NVIDIA tó ń jẹ́ GTX 1050 Ti, mẹ́mọ́rì 4GB, àlòkù tó ṣì mọ́ tónítóní. Mo bi í bóyá power supply mi àtijọ́ á gbé e. "Rárá o, ọ̀gá mi, ó máa jó ni. Ẹ jẹ́ kí n fi 650W kan kún un fún yín." Ẹ gbọ́ irọ́ yẹn dáadáa. 1050 Ti tòótọ́ ò ju 75W lọ. Ihò PCIe tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lára motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, nìkan tó o bọ́, NVIDIA fúnra wọn sì ní power supply 300W ti tó fún ẹ̀rọ tó bá wà nínú ẹ̀. Tèmi àtijọ́, 450W ni. Mo mọ gbogbo eléyìí bí ẹní mowó! Àmọ́ ọkùnrin yẹn ń pè mí ní ọ̀gá, orí mi sì wú.

Nígbà tí ẹrù dé, power supply yẹn fúyẹ́ bí agolo òfìfo. Mo gbé ti àtijọ́ sọ́wọ́ kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo bá ara mi sọ? Mo ní ayé ti ń lajú, wọ́n ti ń ṣe é ní fífúyẹ́. Háà.

Windows kọ "GTX 1050 Ti" gàdàgbà, inú mi dùn. Mo ṣí géèmù. Àwòrán ń wọ́ bí ìgbín. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, ojú mọ́nítọ̀ ṣú, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í han, ẹ̀rọ kú, ó tún tan ara ẹ̀. Mo tún ṣí i, ó tún kú. Mo wo Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ sí, Kernel-Power 41 ló kún ibẹ̀. Gbogbo ohun tíyẹn sì ń sọ ò ju pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé ẹnì kan pa á bó ṣe yẹ. Kò sọ ẹni tó fà á.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gbẹ́ni. "Driver ni, ọ̀gá mi." Ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá káàdì sọ̀rọ̀. Mo wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń fi ìwọ̀nba ètò ṣiṣẹ́, mo fi ètò kan tó ń jẹ́ DDU nu driver kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹta. Driver tí mo wà sílẹ̀ láti ìkànnì NVIDIA kọ̀ jálẹ̀, ó lóun ò rí káàdì tóun lè bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni ní kí n lo èyí tó wà nínú CD tóun fi sínú páálí. Ta ló ṣì ń lo CD? Èmi. Mo lò ó. Ó tún ní RAM ni, mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ fúnra ẹ̀. Mo yọ RAM ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń dán an wò títí aago méjì òru. Ó tún ní Windows mi ló bàjẹ́. Mo nu gbogbo ẹ̀ dànù, fọ́tò ọdún méjì sì bá a lọ. (Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ṣe ẹ̀dà wọn. Ẹ má bá mi sọ ọ́.) Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó yí ohùn padà: "Àbí ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n so?" Èmi! Èmi ni ò mọ káàdì so!

Ó wá ku mọ́nítọ̀. Mo yá ti àbúrò mi, ti ayé ọjọ́un tó ń lo wáyà VGA olórí búlúù. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ, mo fẹnu di fóònù mú kí iná tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lè tàn síbẹ̀, mo ki wáyà bọ ihò, mo ń yí síkúrúù kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ni ọwọ́ mi bá dúró. Ihò VGA. Lára 1050 Ti. Ẹni tó bá mọ̀ ti mọ ibi tí mò ń lọ: láti orí àwọn káàdì GTX 10, tí 1050 Ti wà lára wọn, lọ́dún 2016, ni NVIDIA ti pa VGA tì. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ihò yẹn fi ń wò mí lójú, tí èmi náà ń wò ó.

Mo wa GPU-Z sílẹ̀, ètò tó ń sọ ohun tó wà nínú káàdì gan-an. Ó kọ [FAKE] síwájú orúkọ káàdì náà, shader, àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó ń ya àwòrán, 192 dípò 768. Chip inú ẹ̀, GF116 ni, èyí tó wà nínú GTX 550 Ti ọdún 2011. Wọ́n kàn tún BIOS ẹ̀, ètò inú káàdì fúnra ẹ̀, kọ kó lè máa pe ara ẹ̀ lórúkọ olórúkọ ni. 550 Ti sì ń jẹ tó 116W, ìyẹn ló ṣe ní ihò 6-pin lára, tí wáyà iná láti power supply ń wọ̀. Kẹ́ ẹ sì wá wo power supply: "650W" ńlá lókè, nísàlẹ̀ ẹ̀ nínú tábìlì tín-ín-rín, +12V, 18A. 12 lọ́nà 18, 216W nìyẹn. Ibẹ̀ ni processor àti káàdì ti ń mu. Èyí tó kù nínú 650 ńkọ́?

Mo dá power supply àtijọ́ mi padà, ẹ̀rọ ò kú mọ́. Géèmù ṣì ń wọ́, àmọ́ kò kú. Olè méjì ló wà nínú páálí kan, ọ̀kan ń bo èkejì láṣìírí. Tí mo bá ti ń pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò bá ti mọ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Mo fi àwòrán GPU-Z ránṣẹ́ sí i. Ó kà á. Ó búlọ́ọ̀kì mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ ní kó fi GPU-Z hàn yín lójú fídíò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má wo wáàtì ńlá ara power supply, +12V ni kẹ́ ẹ ṣírò. Tí ẹ̀rọ bá ń kú nínú géèmù nìkan, power supply ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má tú power supply wò o, kápásítọ̀ inú ẹ̀ ń tọ́jú iná kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ ọ́. Ẹ má sì lo wáyà power supply kan fún òmíràn, ó lè jó nǹkan. Ó tó.

Àwọn tó ń ta àlòkù yìí, olè ni gbogbo wọn. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo wọn, mo mọ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn lónìí. Ọkùnrin yẹn ti yí orúkọ padà, mo rí i lánàá: àwòrán kan náà, káàdì lórí aṣọ ibùsùn olódòdó búlúù. Mo lọ síbẹ̀ láti yọ ìràwọ̀ mi kúrò lábẹ́ orúkọ ẹ̀ àtijọ́. Wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá, mi ò lè yí i padà mọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí mo kọ sábẹ́ ẹ̀: "Olóòótọ́ èèyàn, ó sì ní sùúrù." Ẹ dákun, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fo tèmi.